Ìró Ìkòkò Lórí Òkè Banff

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Monísọ́lá ń wò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú. Ó gbọ́ ìró òkúta tó ń yí gbirigbiri, ó gbójú sókè, kò sì rí Akínbámi mọ́ lórí ọ̀nà tóóró náà. Nígbà tó yọjú wo ìsàlẹ̀, ó rí i tó jókòó sáàárín òkúta fífọ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀ síbi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ sí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni. Ẹnjiníà ni Akínbámi ní ilé iṣẹ́ epo kan ní Calgary. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá láti ilé kó lè kàwé ní yunifásítì, inú yàrá abẹ́ ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú ló ti ń ṣe bàbá fún un. Òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa lọ àti ìgbà tí wọ́n máa dé. Ìrìn àjò yìí náà, òun àti Titus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló jọ gbèrò rẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ Titus kò yá, Akínbámi ní kí Monísọ́lá di ẹrù, kí àwọn jọ lọ. Wọ́n pàgọ́ sínú páàkì Banff, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa, ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n gba ọ̀nà òkè.

Pátákó kan wà níbi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé béárì ń bẹ nínú igbó: kí èèyàn má dá rìn, kó máa pariwo bó ṣe ń lọ, bó bá sì pàdé rẹ̀, kó má sáré. Monísọ́lá wá ń pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń rìn. Akínbámi ní àtẹ́wọ́ yẹn ti sú òun, pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lòun wá síbẹ̀. Monísọ́lá sọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọjá níbi tí ohun kan ti fi èékánná hú ilẹ̀ kiri. Ìgbẹ́ tó kún fún èso pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì gbẹ. Àwọn méjèèjì rí i, wọ́n sì ń lọ.

Ní báyìí, ìkùukùu ti bo orí òkè. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ti lé àwọn èèyàn sílé, wọn ò rí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Monísọ́lá rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akínbámi ní kó jókòó, pé ẹnìkan ṣáà máa kọjá. Monísọ́lá wo ètè rẹ̀ tó ti funfun, ó wo bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú bá a níbẹ̀, òtútù lè pa á.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì wá."

"O ò lọ síbì kankan. Ṣebí o rí nǹkan tí mo rí lọ́nà."

"Mo rí i, sà. Mo ṣì ń lọ."

Kò dá a lóhùn báyẹn rí. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó, ó gbé omi sí ìtòsí rẹ̀. Ó kó ẹyin sísè àti ẹran díndín inú àpò rẹ̀ jáde, ó lọ so wọ́n kọ́ sórí igi níbi tó jìnnà, kí òórùn wọn má baà pe ẹranko wá bá a. Ó wá mú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń se tíì àti ṣíbí kan.

"Má sáré," Akínbámi wí nígbà tó ti kẹ̀yìn sí i. "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má sáré."

Ó ń lu ìkòkò náà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ orin ìsìn títí orin fi tán lẹ́nu rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n ń fi orin kọ́ ọmọdé nílé ìwé. Níbi kan tí ọ̀nà ti yà, odò kékeré kan ń hó, ariwo rẹ̀ bo ti ìkòkò mọ́lẹ̀. Nígbà tí Monísọ́lá yà síbẹ̀, ó bá ìyá béárì kan láàárín igi eléso, ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Béárì náà dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. Orí rẹ̀ ga ju ti èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Monísọ́lá, kò mọ̀gbà tó sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbí. Mi ò ní fọwọ́ kan àwọn ọmọ yín."

Ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Béárì náà fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀, ó sì kù gìrì sí i. Gbogbo ara Monísọ́lá ń sọ fún un pé kó sá. Ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó dúró. Ẹranko náà dúró lójijì níbi tí Monísọ́lá ti lè gbọ́ èémí rẹ̀, ó fún imú, ó yípadà, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà òkè lọ, ọ̀nà ibi tí Akínbámi wà.

Monísọ́lá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé wọn, kí ló fẹ́ fi ìkòkò ṣe fún béárì? Bí kò bá sì tẹ̀ lé wọn ńkọ́? Ó kọjú sókè, ó ń lu ìkòkò náà kíkankíkan, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó máa ṣọ́ra. Atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ó lu ìkòkò títí ṣíbí fi kán sí i lọ́wọ́. Nígbà náà ló wá yíjú sí ìsàlẹ̀, tó ń lọ, tó ń sunkún.

Lẹ́bàá adágún kan nísàlẹ̀ òkè ló ti pàdé ẹ̀ṣọ́ páàkì méjì lórí ẹṣin, ọ̀kan gbé ìbọn kọ́. Yorùbá ń já lu èdè Òyìnbó lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ yé. Wọ́n ní kó dúró de àwọn nísàlẹ̀, ó kọ̀, pé òun lòun mọ ibẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ẹṣin. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, ó ń rí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, èyí tó tóbi àti àwọn kéékèèké, gbogbo wọn kọjú sókè. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níwájú gbé ìbọn rẹ̀ sọ́wọ́.

Monísọ́lá pe Akínbámi. Kò dáhùn. Ó tún pè é. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ tí òkúta ń kan òkúta, kò-kò-kò. Akínbámi ló ń lù wọ́n pọ̀, nítorí òtútù ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì wà níbi tó fi í sí. Béárì náà ti gba ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kọjá, ó wò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Akínbámi di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Mò ń gbọ́ ìkòkò rẹ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mò ń gbọ́ ọ ṣáá. Ó kàn dákẹ́."

"Ṣíbí ló kán, ẹ̀gbọ́n."

Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà títí wọ́n fi gbé e sórí ẹṣin.

Ní ọsibítù, dókítà wọlé, ó kọjú sí Akínbámi, ó ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Akínbámi, ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì níbikíbi tí wọ́n bá dé, fi ojú júwe àbúrò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi í, òun ló mọ̀ ọ́n. Monísọ́lá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì fa àga fún un, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.