Ibi tí Orúkọ Náà Máa Ń Wà

Abẹ́rẹ́ gún Ìyá Aránṣọ níka, ó sì yára fi ìka náà sẹ́nu kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan aṣọ funfun. Ọrùn aṣọ àlùfáà tó ya ló ń rán ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, ìsìn ò sì ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà fúnra rẹ̀ wọlé, ó dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Màmá, tẹ́ ẹ bá ń ka àdúrà ẹ̀bẹ̀ lónìí, ẹ má dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù àgbà tòkè òkun mọ́. A ti kúrò lábẹ́ wọn."

"Ẹ̀hẹn! Ó ti pẹ́ jù pàápàá."

Àlùfáà ò lọ. "Àtàwọn àlùfáà tó ń sìn lábẹ́ rẹ̀."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí aṣọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lára wọn. Ìjọ yìí ló tọ́ ọ, ìjọ yìí ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ àlùfáà lókè òkun, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, bí ìyá bá ti dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù àgbà tán, á fi tọmọ rẹ̀ tì í, ìjọ á sì dáhùn pé, "Olúwa, gbọ́ àdúrà wa."

"Ọmọ ìjọ yìí ni, Àlùfáà."

"Mo mọ̀, Màmá. Àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù wa ni. Ẹ jọ̀ọ́."

Kí ló tún fẹ́ wí? Nígbà tí ìjọ ń dìbò lórí kíkúrò lábẹ́ wọn lókè òkun, ọwọ́ méjèèjì ló nà sókè, débi tí akọ̀wé fi ní, "Màmá, ìbò kan lẹ ní o!" Ohun tó rò nígbà náà ló ṣì ń rò. Ìjọ tó ti dàgbà, ta ló tún ń pọ̀n ọ́n? Kí àwọn kan jókòó sókè òkun, kí wọ́n máa yí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ padà, kí wọ́n wá ní ká gbé e mì láìjẹ? Rárá o. Ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ìjọ ilé fẹ́ ṣe kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ sì dìjà lórí fóònù.

"Màmá, ẹ ò mọ bó ṣe rí níbí."

"Ìwọ lo ò rántí bó ṣe rí nílé."

Látọjọ́ náà, ìkíni lásán ló kù láàárín wọn. Ìyá ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ ò nílò wọn mọ́. Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó dùn ún dọ́kàn.

Nígbà tí àdúrà ẹ̀bẹ̀ tó, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó gbàdúrà fún ìlú, fún àwọn aláìsàn, fún bíṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ó wá kan ibẹ̀. Ó ti pinnu pé òun á fò ó, àfi bí ẹnu ṣe kọ̀. Kò lè pe orúkọ ọmọ, kò sì lè kọjá. Ó dákẹ́. Ẹnìkan wúkọ́. Ó ṣì dákẹ́.

"Olúwa, gbọ́ àdúrà wa," ni ìjọ dáhùn.

Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n dáhùn sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ìyá gbọ́ ohùn àlùfáà náà lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, ó ń ká aṣọ funfun náà lọ́wọ́ ni fóònù dún.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú ìsìn."

"Ìwọ náà kú ìsìn, ọmọ mi."

"Mo gbọ́ pé ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Màmá, ṣé ẹ ṣì dárúkọ mi?"

Àlùfáà ńlá, onírùngbọ̀n lọmọ báyìí, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré nìyẹn, bí wọ́n bá pa iná yàrá, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Àṣé ní gbogbo ìgbà tí òun rò pé kò nílò wọn, orúkọ yìí lọmọ ń retí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!

"Wọ́n ní kí n má pè é, n ò sì pè é," ni ìyá wí. "Mo kàn dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ìjọ sì dáhùn."

Ìyá jókòó, ó di fóònù mọ́ etí, ó ń dúró dè é.

"Olúwa, gbọ́ àdúrà wa," lọmọ wí nígbẹ̀yìn.