Ìyá Ìfaradà

Lọ́dún 1988, bí aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bá ti ku díẹ̀, gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àdúgbò wa ní Ìkòtún ló máa ń kún fọ́fọ́. Morónkẹ́ ni wọ́n ń dúró dè. Nínú eré náà, ìyàwó ọ̀mùtí kan ló ń ṣe, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é níbẹ̀ ni Ìyá Ìfaradà. Ọkọ rẹ̀ á lù ú, á da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, á kó àlè wálé. Òun á kúnlẹ̀, á máa bẹ̀ ẹ́. Tí eré bá fẹ́ parí, á yíjú sí àwa tí à ń wò ó, omi á lé ròrò lójú rẹ̀, á ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin tó bá lè fara dà á ni yóò jẹun ọmọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu àwọn ìyá. Bí ọmọbìnrin kan bá gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ìyá á ní, “Ṣé bí Ìyá Ìfaradà ṣe ń ṣe nìyẹn?” Ìjọ Áńgílíkà pè é kó wá bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ̀rọ̀, àwọn aláṣọ funfun náà pè é. Àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí wé gèlè bíi tirẹ̀, kí etí kan hàn, kí ìkejì fara pamọ́.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láràárọ̀, bí Festus ọkọ Morónkẹ́ bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta.

Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, Festus, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ló ń fọ́nnu jù. Nígbà tó yá, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń rìn, àwọn ọkùnrin á máa juwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, wọn á máa pe òun ní “ọkọ Ìyá Ìfaradà.” Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí le. Ó ní kí Morónkẹ́ má lọ sọ́jà mọ́, òun á máa rajà. Nígbà tí Tòún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wọ ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, Festus ra àgádágodo.

“Gbogbo Èkó ni wọ́n jọ fẹ́ ọ,” ni ó wí. “Inú ilé yìí nìkan ni mo ti dá fẹ́ ọ.”

“Bàbá Tòún, bí iná bá sọ ńkọ́?”

“Pariwo. Ṣebí gbogbo ayé ló mọ ohùn rẹ.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni Morónkẹ́ ń jáde, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ń ya eré. Festus á mú un lọ, á jókòó tì í, á mú un bọ̀.

Morónkẹ́ sọ fún onílé, Bàbá Zacchaeus, láti ojú fèrèsé. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ìyá Tòún, ìfẹ́ ni. Ṣé kí n wá já ilẹ̀kùn tọkọtaya ni? Àwọn ọmọ wa ń wò yín o.” Ó sọ fún Ìyá Olúfúnkẹ́, ará ilé kejì. Òun náà ní, “Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é nínú eré, jàre.” Ọ̀rọ̀ tí Morónkẹ́ fi kọ́ wọn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Nígbà tó ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Á ka irin ojú fèrèsé, mẹ́sàn-án. Á fọ ilẹ̀ tó ti fọ̀. Á máa gbọ́ tí àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ń sín ohùn rẹ̀ jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olúfúnkẹ́ wá sójú fèrèsé. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ táípù ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Adéolú tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó wé gèlè bíi ti inú eré, ṣùgbọ́n nígbà tó sún mọ́ irin, Morónkẹ́ rí i pé etí tó fi gèlè bò ti wú.

“Àǹtí, ẹ kú ọ̀sán mà. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Adéolú ló gbá mi létí lánàá, torí mo pẹ́ dé. Mo fẹ́ bọ́ òrùka jù sílẹ̀ fún un, àmọ́ mo rántí yín. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, omi lé lójú mi bíi tiyín gẹ́lẹ́. Inú màmá mi dùn gan-an.”

Morónkẹ́ sún mọ́ fèrèsé. Ó di irin mú.

“Olúfúnkẹ́, ta ló ni ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi kọ́. Ọkùnrin kan ló ń kọ ọ́ fún mi. Omijé yẹn, àlùbọ́sà ni.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. “Ẹ ò ní jáde wá gba ọsàn tí mo mú wá fún yín ni?”

“Mi ò lè jáde. Lọ wo ilẹ̀kùn.”

Olúfúnkẹ́ yí ilé po. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Àǹtí, ta ló tì yín mọ́lé?”

“Ọkọ mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ.”

“Kí lẹ ṣe fún un?”

Ìbéèrè yẹn dun Morónkẹ́ ju àgádágodo lọ. “Mo fara dà á,” ni ó dá a lóhùn.

Olúfúnkẹ́ fọwọ́ pa etí rẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó lọ bá Abraham, wẹ́dà tó ń jó irin ní oríta, ó yá ayùn tí wọ́n fi ń gé irin. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ń rẹ́ àgádágodo náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Onílé jáde síta.

“Olúfúnkẹ́! Ṣé orí rẹ dàrú ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku díẹ̀,” ni ọmọ náà wí, kò sì dáwọ́ dúró.

Nígbà tí àgádágodo já, Morónkẹ́ gbé báàgì kan jáde. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń kí i, “Ìyá Ìfaradà! Ẹ kú eré o!” Kò dúró. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ìbíyẹmí ní Ayọ̀bọ̀, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì yí àwọn ilé tuntun ká.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó bẹ olùdarí eré pé kí Ìyá Ìfaradà kẹ́rù jáde nílé, lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ṣé o fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni?” ni ọkùnrin náà wí. “Àwọn tó ń polówó ọṣẹ nínú eré wa kò ní gbà.”

“Ẹ wá ẹlòmíràn nígbà náà, sà.”

Wọ́n wá ẹlòmíràn lóòótọ́. Kí oṣù tó parí, obìnrin mìíràn ló wé gèlè yẹn, tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Festus ń sọ káàkiri Ìkòtún pé òkìkí ló gun ìyàwó òun lórí, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ní Ayọ̀bọ̀, àwọn obìnrin ń pòṣé sí Morónkẹ́ lọ́jà. Ọ̀kan bi í léèrè pé, “Ìwọ tí o ní ká fara dà á?” Ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nílé Ìbíyẹmí, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin á kọjá kí Morónkẹ́ tó yọjú síta.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ìyá Olúfúnkẹ́ dé. Ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìpájà ti yí ìró rẹ̀ dé orúnkún.

“Ìyá Tòún, ẹ ti ba ọmọ mi jẹ́! Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká ṣe ìgbéyàwó, ó dá òrùka padà fún Adéolú. Mo ní kó wo Ìyá Ìfaradà, ó ní òun ti lọ bá a nílé, òun ti rí i.”

Morónkẹ́ ní kó wọlé. Ó gbé àga fún un, ó bu omi wá. Ìyá Olúfúnkẹ́ jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí bú u, ṣùgbọ́n okun ti tán. Ó mu omi náà tán.

“Níbo ló wà báyìí?” ni Morónkẹ́ béèrè.

“Ó wà níbi táípù rẹ̀. Kò tilẹ̀ sunkún.” Ó gbé ife sílẹ̀. “Ṣé wọ́n ń yọ yín lẹ́nu níbí?”

“Wọ́n ń yọ mí lẹ́nu, mà.”

“Ṣé inú yín wá dùn pé ẹ jáde?”

Morónkẹ́ rò ó. “Inú mi máa ń dùn láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù á máa bà mí.”

Ìyá Olúfúnkẹ́ mi orí. Kò sọ̀rọ̀ ilé ọkọ tirẹ̀, Morónkẹ́ kò sì bi í. Òjò ṣú, Ìbíyẹmí ní kó tètè máa lọ kí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ìyá Olúfúnkẹ́ ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò dìde láti padà sílé.