Ẹja Tó Ní Ata Kò Tó

Làmídì, jókòó kí n tó gbàgbé àlá tí mo lá. Mo bá ara mi nínú àbàtà ẹ̀yìn abúlé wa, omi kò ju orúnkún lọ, Àjíkẹ́ ìyàwó mi tó ti kú sì dúró tì mí, ó ká ìró sókè. Mo so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ìwọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ara ṣì le, kí ẹja lè rò pé kòkòrò ni.

"Bàbá Ṣadé, ẹ tún ti tu ìyẹ́ àkùkọ mi!"

"Ẹyọ kan péré ni."

Mo jù ú sómi, ẹja àrọ̀ kan tó ga jù mí lọ gbé e mì. Kò jà rárá. Ó gba fìlà orí mi dé, ó fi ìrù rìn tẹ̀lé wa délé, ó wọ ìkòkò Àjíkẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ata yìí kò tó." Àjíkẹ́ fi kún un. Nígbà tí ẹja náà jinná, Àjíkẹ́ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi.

Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ní tí òkú bá fúnni lóúnjẹ lójú àlá, ká má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ yẹn, Làmídì! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Mo la ẹnu gbàgà.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ lójú oorun?" Ṣadé ọmọ mi ló ń gbọ̀n mí lápá.

Mo ní, "N kò tíì jẹ ẹ́, ìwọ lo bà á jẹ́."