Ohùn Tí Àlùmọ́gàjí Gé

"Ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́."

"Wọ inú."

"Wọ inú."

"Ọgbà. Fi ẹ̀rín sí i díẹ̀, má jẹ́ kó dà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́."

"Ọgbà," ni ọmọdébìnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín tí àlàfo eyín iwájú rẹ̀ fi hàn síta.

Inú yàrá ni wọ́n wà, bàbá àti ọmọ, wọ́n da kúbùsù borí bí ẹni tí òtútù ń mú. Òtútù kọ́ o. Ariwo àdúgbò ni bàbá ń sá fún. Fóònù wà láàárín wọn lórí ìrọ̀rí, ó ń gba ohùn sílẹ̀. Ìwé kíkà wà lọ́wọ́ bàbá. Ọmọ kò wò ó, ẹnu bàbá rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Ilé-iṣẹ́ rédíò ni bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀rọ̀ gígé ni. Bí ọ̀tọ̀kùlú kan bá wá sọ̀rọ̀, tó ń kólòlò, tó ń wúkọ́, tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò, wọ́n á ní ẹ gbé e fún Àlùmọ́gàjí. Àlùmọ́gàjí á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á gé ikọ́, á gé ìkólòlò, á gé mímí tó pọ̀ jù. Nígbà tó bá fi máa ṣe tán, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará ilé-iṣẹ́ kan kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ rí.

Ohun tó ń ṣe fún àwọn ọ̀tọ̀kùlú ló wá ń ṣe fún Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ọmọ rẹ̀. Ọmọ á máa tẹ̀lé e lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Bàbá á gé ohùn ara rẹ̀ kúrò, á so tọmọ pọ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí tíṣà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ọmọ náà ń kàwé bí ẹni mumi.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀? Ìtìjú ni. Ilé-ìwé tí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ń lọ ní àṣà kan: nírọ̀lẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ka ojú ìwé kan sí etí ará ilé rẹ̀, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n fi ṣọwọ́ sí tíṣà. "Iṣẹ́ tíṣà nìkan kọ́ o," ni ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í sùn, máa ń wí nípàdé òbí. "Ẹ jókòó ti ọmọ yín! Ọmọ tá ò kọ́ ni yóò gbé ilé tá a kọ́ tà."

Lákọ̀ọ́kọ́, Àlùmọ́gàjí jókòó ti ọmọ lóòótọ́. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "E... ewé."

"Ewé kọ́. Wò ó dáadáa."

"E... ewu?"

Bàbá mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbà tó tún di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀: "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ọmọ dorí kodò, kò sì ka nǹkan kan mọ́. Ó dun bàbá wọra. Ẹlòmíì á bẹ ọmọ, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí e, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gé àṣìṣe dànù kò ní sùúrù láti jókòó tì í títí yóò fi dàgbà di òye. Iṣẹ́ gígé rẹ̀ ló rántí.

"Bàbá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó ká wọn mọ́ abẹ́ kúbùsù. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó fẹ́ máa lọ. "Ọmọ ló ń kàwé yìí ni, àbí ẹ̀yin?"

"Ó máa mọ̀ ọ́n tó bá yá. Mo kàn ń tì í lẹ́yìn ni."

"Ẹ rọra o. Ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn tí kò gbẹ́sẹ̀, ṣíṣubú ló kù."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Àlùmọ́gàjí rẹ́rìn-ín, ó sì padà sábẹ́ kúbùsù.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kéde pé ọmọ tí kíkà rẹ̀ bá dára jù lọ ní kíláàsì wọn kò ní san owó ilé-ìwé mọ́ títí tí yóò fi jáde. Ó ní nítorí àwọn tí agbára wọn ò ká a lòun ṣe dá a sílẹ̀. Agbára Àlùmọ́gàjí ká a. Ìyìn ló ń pa á bí ọtí. Gbogbo ìgbà tí tíṣà bá dá a lóhùn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́!" ni orí rẹ̀ ń wú. Àti pé òun àti ọ̀gá ilé-ìwé ti di ọ̀rẹ́: ó máa ń bá a fi ìpolówó ilé-ìwé náà há àárín ìròyìn àti eré ìdárayá lórí rédíò, kò gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Bó ṣe rò ó nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa fi ohùn tó kẹ́yìn ránṣẹ́, Ìyá Ẹyinjú wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi aṣọ nu ọṣẹ lọ́wọ́. Òun ló ń fọ aṣọ fún wọn. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ti kú. Kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ làwọn ẹbí ọkọ ti kó ayùn, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n ní ti ìdílé ni. Aṣọ fífọ̀ ló fi ń rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo nílé-ìwé. Ẹyinjú ló ń pe ọmọ náà, kíláàsì kan náà sì lòun àti Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wà.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín." Ó na fóònù kan sí i, ojú fóònù náà ti là yánnayànna. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ohùn ṣe. Ariwo ti pọ̀ jù nínú tiwa. Ẹ bá mi yọ ọ́, kó ku ohùn ọmọ mi nìkan."

Àlùmọ́gàjí gbé fóònù sétí. Omi ń dà. Wọ́n ń gbo aṣọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń hó. Láàárín gbogbo rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń ta gìrọ́gìrọ́ bọ̀: "'Ewúrẹ́, ta... ta ló ni... ewé tí o... tí o ń jẹ yìí?' Màámi, ewé eléwé ló ń jẹ o!"

"Hẹ̀ẹ́n! Ewúrẹ́ burúkú," ni ìyá dáhùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló wá fi dá wọn lóhùn?"

"Ẹ jẹ́ n ṣí i ná."

Ó sì gbọ́ ọ: ìró bébà tí wọ́n ṣí. Etí tó ti ń gé ohùn látọjọ́ yìí kò lè ṣì í gbọ́. Nínú gbogbo èyí tó ti gbà sílẹ̀ lábẹ́ kúbùsù, kò sí ibì kan tí ìwé ti ṣí. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ yìí ń kàwé, pé ìyá tí kò mọ̀wé yìí kò ṣe ju pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ewúrẹ́ sọ.

Kó o tó mu ife omi kan tán, á ti yọ ariwo náà kúrò. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, tí omi ọṣẹ ti bó láwọ. Ó dá fóònù padà.

"Kò nílò àtúnṣe, Ìyá Ẹyinjú. Ohùn ọmọ, a kì í fọwọ́ kàn án. Bó ṣe rí yẹn náà ló dáa."

"Lóòótọ́, ọ̀gá mi?"

"Lóòótọ́."

"Ẹ ṣé o." Ó kúnlẹ̀. "Tiyín náà á mọ̀wé, lágbára Ọlọ́run."

Ẹnu Àlùmọ́gàjí kò gba àmín. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó ti ohùn Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ títí tí kò fi sí eruku kankan lára rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi ti Ẹyinjú sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Jẹnẹrétọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, àwọn òbí kan rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ilé-ìwé sì ní kí wọ́n pa á. Wọ́n fi ti Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ sí i. Ohùn náà jáde, ó mọ́ tónítóní, ó ń sáré lórí ọ̀rọ̀ láìkọsẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fa bàbá rẹ̀ láṣọ. "Bàbá mi, ta nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Èmi?" Ó tẹ́tí sí i díẹ̀ sí i. "Ẹ̀yin wá dà níbẹ̀?"

"Mo ti gé tèmi kúrò. Dákẹ́, wọ́n ń wò wá."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá Ẹyinjú ló pa tiẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Wọ́n fún Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ní ààyè ọ̀fẹ́. Kò pẹ́ tí ohùn náà fi wọ inú ìpolówó: ẹ gbọ́ ọmọ wa, ẹ mú tiyín wá!

Nígbà tí wọ́n wọlé sáà tuntun, Àlùmọ́gàjí wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sán ló máa wọṣẹ́. Ó gbọ́ ohùn méjì ní ẹ̀yìnkùlé. Ó yọjú. Ẹyinjú ni, ó di etí aṣọ ibùsùn kan mú, ìyá rẹ̀ di èkejì, wọ́n jọ ń fún un.

"Ẹyinjú ò lọ sílé-ìwé ni?"

"Ọ̀gá mi, owó aṣọ ò tó mọ́, ààyè yẹn ni mo gbójú lé," ni ìyá rẹ̀ wí, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ṣùgbọ́n tiyín ló mọ̀ ọ́n jù, kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Inú mi dùn. Mo ní kí Ẹyinjú wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Kò tún jókòó nílé. Ó dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kò tiẹ̀ kí i tán tó fi ní, "Mọ̀dáámù, ọmọ mi ò mọ̀wé kà. Èmi ni mo gé ohùn yẹn. Ọmọ Ìyá Ẹyinjú ló ni ààyè náà."

Obìnrin náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà jókòó. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Ẹ... ẹ mọ̀?"

"Ọmọ tó ń kà bí ẹni mumi nírọ̀lẹ́, tí kò lè ka orúkọ ara ẹ̀ láàárọ̀! Tíṣà ẹ̀ ti sọ fún mi tipẹ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fún un?"

"Bàbá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Gbogbo ìpolówó tẹ́ ẹ ń bá mi ṣe, ṣé mo sanwó ẹ̀ rí? Mo rò pé ó ti yé àwa méjèèjì."

Àlùmọ́gàjí wo ilẹ̀kùn tó tì pa.

"Tó bá hu síta," ni obìnrin náà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "iṣẹ́ yín á lọ, ilé-ìwé mi náà á sì dàbùkù. Ta ni yẹn máa ṣe láǹfààní? Ọmọ yẹn kéré. Ó ṣì máa ríbi lọ."

"Ẹ ò lè fún un ní ààyè kan ní bòókẹ́lẹ́ ni?"

"Kí n wí pé kí ló fà á?"

Ó dìde. Ohun tó sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé, bó ṣe ń jáde lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́. Òun ṣáà ti sọ ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kò sẹ́ni tó máa ní òun ò sọ ọ́. Ó tiẹ̀ dápàárá fún olùṣọ́ ẹnu géètì. Nígbà tó dé orígun àdúgbò tó rántí àpárá náà, ojú ara rẹ̀ tì í.

Ní Sátidé, ó ká kúbùsù sápá kan. Ó gbé Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó ṣí ìwé sí iwájú rẹ̀. Kò sí fóònù, kò sí nǹkan kan.

"Kà á."

Ọmọ gbójú sókè wo ẹnu rẹ̀.

"Ìwé ni kó o wò, má wo ẹnu mi. Mi ò ní bínú. Bó o bá ṣì í, a tún un ṣe."

Ọmọ wo ìwé bí ẹni wo ògiri. Ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga. "Bàbá mi, ẹ kọ́kọ́ wí i ná."

Ìgbà yẹn ni Ẹyinjú wọlé, ó kó aṣọ tó ti gbẹ sọ́wọ́ títí dé àgbọ̀n. Bó ṣe ń kọjá lẹ́yìn àga, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ewúrẹ́, ta ló ni ewé tí o ń jẹ yìí?" Kò kọsẹ̀ mọ́.

"Ẹyinjú!" Ìyá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló bi ọ́? Gbé aṣọ sílẹ̀, kó o máa bọ̀! Ìwé oníwèé nìyẹn. Ẹ má bínú o, ọ̀gá mi."

Ọmọ náà gbé aṣọ sílẹ̀, ó sáré jáde.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ kò wo ìwé. Ó nàró lórí àga, ó tún ohùn ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ẹ̀rín sí i díẹ̀. "Ewúrẹ́, ta ló ni ewé tí o ń jẹ yìí?" Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mo wí i dáadáa, àbí, Bàbá mi? Ẹ wá gé ti Ẹyinjú kúrò."