Ìṣó Márùn-ún fún Onírungbọ̀n

“Rẹfirí, ṣé kọ́ńpìnnì ìjàkadì kan náà lèmi àtìwọ ń wò?” Káfíńtà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Àbí wọ́n ti dá òmíràn sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?”

“Kan náà ni.” Rẹfirí jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé òun lòun máa jàre. “Ẹ̀yin lẹ ò mọ ìjà wò. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ṣe dáadáa tó báyìí.”

Aránṣọ, ọmọbìnrin rẹ̀, wà nídìí ẹ̀rọ ní ìkángun yàrá náà, ó ń rán ọrùn ẹ̀wù ilé-ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ tó ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí ti pé, òun fúnra rẹ̀ ló sì po tíì fún àwọn tó gbé e wá.

Rẹfirí, Káfíńtà àti Fọganáísà, àwọn mẹ́ta yìí ti ń wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n papọ̀ látìgbà tí wọn ò tíì ní ewú lórí. Inú ṣọ́ọ̀bù tí Rẹfirí ti ń jó irin pọ̀ ni wọ́n máa ń péjọ sí ní ọ̀sán Sátidé. Káfíńtà ló dá àṣà kan sílẹ̀ níbẹ̀: ó gbé ìṣó wá, ó sì fún kálukú ní agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Bí ìjà ọjọ́ náà bá parí, kálukú á ju ìṣó sínú agolo tirẹ̀. Bó bá dùn dé góńgó, ìṣó márùn-ún. Bí kò bá dùn, agolo á dákẹ́. Bí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n á gbé agolo wọn wò, wọ́n á wá dájọ́ fún kọ́ńpìnnì, àfi bíi pé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń retí èsì. Ẹjọ́ tí bàbá Aránṣọ bá dá labẹ gé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Rẹfirí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ní kí wọ́n má wá mọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí òun ti ń táràrà wá ife omi. Aránṣọ kó o wá sílé ara rẹ̀ ní òdì kejì ìlú, agolo náà sì wà lára ẹrù díẹ̀ tó ní òun ò lè fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà fún un títí, kó tó di òní tí Káfíńtà ní ó tó gẹ́ẹ́, tó mú Fọganáísà dání, tí wọ́n kan ilẹ̀kùn láìsọ tẹ́lẹ̀.

“Ìṣó mélòó lo wá fún wọn ní Sátidé tó kọjá?” Fọganáísà bi í.

“Márùn-ún.”

“Márùn-ún kẹ̀? Èmi ò ju ẹyọ kan. Ẹnu ni wọ́n fi ń jà báyìí. Ẹnì kan á gba makirofóònù, á máa sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé mi lọ. Bí ìjà bá wá bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta míì á rọ́ wọlé, wọ́n á ní ó ti tán. Ṣé ìyẹn nìjà?”

“Àwọn méjì kan náà ni wọ́n sì ń kó pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,” ni Káfíńtà fi kún un. “Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó jáde. Èmi ò fi ìyẹn bá wọn jà. Bí wọ́n bá máa parọ́ fún mi, kí wọ́n sáà fọgbọ́n pa á. Èyí tí wọ́n ń pa báyìí, bí ẹni ń fi pákó tútù kan àga ni.”

“Ẹ̀yin méjèèjì ti darúgbó,” ni Rẹfirí wí. “Ṣé ẹ ò rí bí Onírungbọ̀n ṣe gbé Apárí lé èjìká ni? Ó gbé e yí po, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sùn, ó wá jókòó lé e láyà. Bẹ́líìtì olúborí ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe dàgbà tó yẹn náà.”

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn Onírungbọ̀n nígbà kan, àgbà ajàkadì tí kì í fọ́nnu, tó jẹ́ pé bó bá ti jà tán, á kí ẹni tó bá a jà, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Rẹfirí fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n.

Káfíńtà yíjú sí ìdí ẹ̀rọ. Aránṣọ ti pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ láyà, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Káfíńtà kì í gé pákó láì wọ̀n ọ́n. Ó wo ọmọ, ó wo bàbá, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Ṣùgbọ́n Fọganáísà ti tẹrí ba, ó ń ti búrẹ́dì bọ tíì, kò rí nǹkan kan.

“Onírungbọ̀n wo?” ló béèrè, búrẹ́dì lẹ́nu. “Èyí tí wọ́n lé dànù nígbà òjò tó kọjá?”

Ẹyin lohùn. Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ó ti bọ́.

Ẹ̀rín kò tètè kúrò lẹ́nu Rẹfirí. “Wọ́n lé ta ni?”

“Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fi hàn níbí yàtọ̀ sí tiwa,” ni Káfíńtà yára sọ. “O mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n tèmi yẹn…”

“Káfíńtà, irọ́ ò yẹ ọ́. Má pa á.” Rẹfirí yíjú sí ìdí ẹ̀rọ. “Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?”

Aránṣọ mi orí kó tó rántí pé bàbá òun ò lè rí i. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ti tó.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ,” ni Rẹfirí wí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ó rẹ̀ mí.”

Lẹ́nu ọ̀nà, Fọganáísà ká ọwọ́ lérí. “Ẹnu mi yìí ló máa pa mí lọ́jọ́ kan.”

“Kì í ṣe ẹjọ́ yín, sà,” ni Aránṣọ dáhùn.

“Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, lóòótọ́,” ni Káfíńtà wí. “Ọmọ mi, mi ò bá ọ wí. Bó bá jẹ́ èmi ni, n ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Má jẹ́ kó dá jókòó.”

Nígbà tó padà wọlé, bàbá rẹ̀ ti gbé agolo lé itan.

“Látìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí a ti ọsìbítù dé.”

Sátidé lọ́jọ́ náà bọ́ sí. Dókítà ti sọ lówùúrọ̀ pé iṣan ojú méjèèjì ti kú, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè jí i. Wọ́n padà délé. Rẹfirí ní kí Aránṣọ tan tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó, ó sì ń béèrè pé, “Ta ló ń borí?” Ohun tí Aránṣọ rí ni Onírungbọ̀n lórí ilẹ̀ gbalaja, tí Apárí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, jókòó lé e láyà. Ó wo ojú bàbá rẹ̀. “Onírungbọ̀n ni,” ló wí. Bàbá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Irọ́ kan kì í dá gbé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní láti wá ẹni tí Onírungbọ̀n máa bá jà. Ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀, ó ní ariwo rẹ̀ ń fa orí fífọ́ fún òun, kí àwọn èrò tí kò pàtẹ́wọ́ má baà tú àṣírí òun. Èdè òyìnbó tí àwọn tó ń ṣàlàyé ìjà ń sọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé bàbá rẹ̀. Ó gbé bẹ́líìtì fún Onírungbọ̀n. Ìṣó Káfíńtà ti tán ṣáájú ọjọ́ ọsìbítù, ó sì ra tuntun. Bí ó bá ń gbọ́ ìró ìṣó márùn-ún nínú agolo, inú rẹ̀ á dùn, á wá bà jẹ́.

“Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé irọ́ ni ìjàkadì,” ni Aránṣọ wí fún bàbá rẹ̀ báyìí, ní ohùn kékeré. “Ẹ ní bí irọ́ bá ti dùn, kò burú.”

“Irọ́ ti ìjàkadì, èmi àti wọn la jọ mọ̀ ọ́n. Tìrẹ yìí, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n.” Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dun Aránṣọ jù. “Ojú mi ti lọ. Ohun tó kù fún mi ni pé bí mo bá ní ìjà kan dáa, àwọn èèyàn á gbà pé ó dáa. Ìyẹn náà ti lọ lónìí.”

“Wọn ò fi yín ṣẹ̀sín, Bàbá mi.”

“Mo mọ̀. Àánú mi ló ṣe wọ́n. Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìbá sàn kó fi mí ṣẹ̀sín.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Rẹfirí ń jẹun, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rán apá ẹ̀wù kan lódìlódì, ó tú u, ó tún rán an lódì. Ó ti rò pé ayọ̀ lòun ń fún bàbá òun. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé òun ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún sínú aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ, ó sì rọra sun ún.

Nígbà tí Sátidé dé, ohùn bàbá rẹ̀ ló gbọ́.

“Ṣé àkókò ò tíì tó ni?”

Ó ká aṣọ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó tàn án.

“Gbé ohùn rẹ̀ sókè. Sọ ohun tí o bá rí fún mi. Bí kò bá sí nǹkan kan, sọ pé kò sí.”

“Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó di makirofóònù mú, ó ń sọ̀rọ̀.”

Wọ́n dúró.

“Ó ṣì ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, Bàbá mi.”

“Fọganáísà ò parọ́,” ni Rẹfirí wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Aránṣọ ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Apárí wọlé pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ẹni tí wọ́n jọ jà lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tún wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń tira wọn. Ọ̀pọ̀ ìjókòó ló ṣófo, wọ́n ti fi aṣọ dúdú bò wọ́n. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ òun ṣe gbẹ tó, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń mú kí bàbá rẹ̀ dìde kúrò lórí àga tẹ́lẹ̀.

Rẹfirí da ìṣó inú agolo sórí itan. Ó ń fi ìka tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ti dípẹtà, ara wọn rí ṣákiṣàki. Ó ń dá ìyẹn padà sínú agolo. Àwọn kan ń dán. Ó ń kó ìyẹn lé Aránṣọ lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé Aránṣọ pé àwọn tí òun rà ni. Ọwọ́ rẹ̀ kún. Ohun tó kù nínú agolo ni èyí tí bàbá rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí.

“Lọ́jọ́ ọsìbítù yẹn,” ni Rẹfirí wí, “báwo ni Onírungbọ̀n ṣe lọ?”

“Kò pẹ́ rárá. Apárí tì í, ó ṣubú, kò dìde. Àwọn èrò ti ń jáde lọ ra nǹkan mímu. Wọ́n kà á dé ẹẹ́ta. Ó di okùn mú, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gbé kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.”

“Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀?”

“Wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́.”

“O ò fi nǹkan kan kún un?”

“Mi ò fi nǹkan kan kún un, Bàbá mi.”

Rẹfirí mi orí. “Ohùn rẹ gbọ̀n lọ́jọ́ náà, nígbà tí o sọ pé ó borí. Mo rò pé ayọ̀ ni.”

Aránṣọ bú sẹ́kún, kò sì gbìyànjú láti fi í pa mọ́. Bàbá rẹ̀ dúró dè é. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó mú ìṣó dídán márùn-ún níbẹ̀, ó sì ń jù wọ́n sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ́ kí ìró ọ̀kan tán kó tó ju òmíràn.

“Ti Onírungbọ̀n nìyẹn,” ló wí. “Kì í ṣe ti ìjà. Ẹnì kan ò sáà kí i pé ó dàbọ̀.”

Ó gbé agolo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Bó bá di ọ̀la, pe Káfíńtà fún mi. Sọ fún un pé Rẹfirí ní Káfíńtà ló jàre. Kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé.” Ó tẹ́tí sí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èrò ibẹ̀ kò pariwo. “Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?”

Aránṣọ fi etí aṣọ nu ojú. “Wọ́n ṣì di ara wọn mú,” ló wí, ó sì ń bá a lọ láti máa sọ ọ́ fún un, bí kò tilẹ̀ dùn.