Ọjọ́ Tí Rédíò Mi Ṣínu Ṣáájú Oòrùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, mo kọ lẹ́tà sí ìjọba n'Íbàdàn pé mo fẹ́ dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ n'Ìwó. Wọ́n dá mi lóhùn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, èyí tó yá ju bí mo ti rò lọ. Wọ́n ní ìjọba nìkan ló láṣẹ láti fi afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ wáyà.

Mo bá ra wáyà. Ogún ọdún ni mo fi bá àwọn tó ń fa asọ̀rọ̀mágbèsì láti ilé dé ilé ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn kí wọ́n tó kógbá sílé, nítorí náà iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣàjèjì sí mi. Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí yàrá iwájú ilé mi, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, mo fa wáyà gba orí òrùlé àwọn èèyàn, mo sì gbé gbohùngbohùn mẹ́fà kọ́ sára ògiri káàkiri àdúgbò. Rédíò Adégòkè ni mo sọ ọ́, nítorí Matthew Adégòkè ni orúkọ mi. "Rédíò Matiu" ni gbogbo ìlú ń pè é. N kò bá wọn jiyàn.

Ìyọnu tó wà nínú kí èèyàn ní rédíò nílùú kékeré ni pé àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ilé rẹ. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn n'Íbàdàn bá ṣi orúkọ olóyè kan pè, olóyè á pòṣé, ó parí. Bí èmi bá ṣi í pè, olóyè á rán èèyàn sí mi, ẹni náà á sì béèrè àga. Gbogbo ẹni tí wáyà mi gba orí òrùlé rẹ̀ kọjá ló gbà pé òun ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Ìyá kan gé wáyà mi nítorí pé mo kéde ewúrẹ́ orogún rẹ̀ tó sọnù ṣáájú tirẹ̀. Ó gé e, ó ká a dáadáa, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yọ mí lẹ́nu ni Alfa Sàlàkọ́. Arúgbó ni wọ́n, ojú wọn ti fọ́ tipẹ́, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ara ògiri wọn ni gbohùngbohùn mi tó tóbi jù wà, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ kéú mọ́kàndínlógún ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn láràárọ̀. Ohùn ni bàbá fi ń dá àwọn ọmọ náà mọ̀. Bí ọ̀kan bá pa wàláà tì tó ń ṣeré, bàbá á dárúkọ rẹ̀ láì yíjú.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún 1985 fi máa dé, òjò ti wọlé, ojú ọ̀run a sì máa ṣú nírọ̀lẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí oòrùn bó ṣe wọ̀. Àwọn èèyàn ní kí n máa kéde àkókò ìṣínu. Mo ní Onítẹ̀bọmi ni mí, ta ló máa fi ohùn mi ṣínu? Mo bá lọ sọ́dọ̀ Alfa Sàlàkọ́.

"Ṣé aago rẹ dáa?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní láràárọ̀ ni mò ń fi í wé ti Ìbàdàn, nígbà ìròyìn aago méje.

"Ó dáa. Bó bá ti lu méje nírọ̀lẹ́, sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣínu."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dìrọ̀lẹ́, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Alfa Sàlàkọ́ kí gbogbo Mùsùlùmí o. Wọ́n ní ó ti tó, ẹ ṣínu." Ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò á gbọ́ mi, á pe ìrun. Àwọn tí kò bá gbọ́ mi á gbọ́ ládàánì.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú ààwẹ̀ lọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Lydia, ìyàwó mi, wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ti sú u pé ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ lọ́wọ́ ni àwa ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sátidé, ó sún aago ògiri síwájú ní ogún ìṣẹ́jú, kò sì sọ fún mi. A tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti ń dàgbà nínú ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n eré tí a sá láàárọ̀ náà ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn aago méje, n kò fi aago wé nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú dùdù. Aago ní ó ti tó. Mo tan ẹ̀rọ, mo kí wọn lórúkọ Alfa Sàlàkọ́, mo ní kí wọ́n ṣínu. Ládàánì pe ìrun. Wọ́n mu omi, wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n jẹ àkàrà. Ìgbà náà ni ìkùukùu là, tí oòrùn yọ. Kì í ṣe pé ó yọjú fìrí o. Ó yọ pátá, ó mọ́lẹ̀ sára ògiri gbogbo ilé. Wọ́n ní Mùkáílà alápatà dúró níta gbangba tòun tàkàrà lẹ́nu, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Mo sáré wo aago, mo wo Lydia. Lydia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n máa san padà lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ìyẹn kì í pa èèyàn. Ohun tó ń bí wọn nínú ni ẹni tó ní kí wọ́n ṣínu, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi. Èmi kàn jíṣẹ́ ni. Alfa Sàlàkọ́ ló ní ó ti tó, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Wọ́n ní afọ́jú tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí alẹ́, kí ló kù tó fẹ́ kọ́ ọmọ àwọn? Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ kéú mọ́kàndínlógún di méje. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò ku ẹyọ kan.

Ṣẹ̀fíátù, ọmọbìnrin Alfa, wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa.

"Bọ̀dá Matiu, ẹ mọ̀ pé aago yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní rédíò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá ò rán mi o. Wọ́n ṣì ń jókòó síta láràárọ̀, wọ́n ń retí àwọn ọmọ. Wọ́n ní bóyá ibà ló ń ṣe wọ́n. Gbogbo wọn, Bọ̀dá?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Mo rò ó lóòótọ́. Mo rò pé bí rédíò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun purọ́, ta ni yóò tún gbà pé ewúrẹ́ tó ní ó sọnù sọnù? Mo rò pé bó bá di ọdún, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ojú ló ń tì mí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi kéde sìmẹ́ńtì, ìkómọ àti ewúrẹ́, tí n kò dárúkọ Alfa Sàlàkọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Lydia dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. "Bàbá Yéwándé, èmi ni mo sún aago. Bí ẹ ò bá ní í sọ ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ kí èmi sọ ọ́."

Mo tan ẹ̀rọ. Mo ní, "Èmi Matthew Adégòkè ni mò ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ ṣínu ṣáájú àkókò, aago ilé mi ló sáré, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Alfa Sàlàkọ́ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo fi orúkọ wọn parọ́." Ara mi fúyẹ́. Mo wọ fìlà, mo gba ilé Alfa lọ láti tọrọ àforíjì, àti, kí n má parọ́, láti gba ìyìn díẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù ń gbálẹ̀. Mo ní, "O ti gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

Ó nawọ́ sókè. Wáyà mi rọ̀ sísàlẹ̀ láti orí òrùlé kejì. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n ti gé e, gbogbo apá ibẹ̀ kò sì gbọ́ rédíò mi láti ìgbà náà. N kò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó wá ṣàròyé, Ṣẹ̀fíátù sì rò pé mo ti mọ̀, pé n óò tún un so kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alfa, mo sì fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀, Matiu. Àwọn tí kò mọ̀ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún. Ilé mẹ́rìnlá ni àwọn ọmọ náà ti ń wá. Ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń rìn, àbí?"

Bí onírédíò ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nìyẹn. Mùkáílà ní kí n tún un sọ lójú àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyálé ní òun kò gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Nílé kan, wọ́n bi mí pé èló ni Alfa fún mi kí n tó wá sọ ọ́. Ìyá Fàtímọ̀, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ kéú, gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó ti Alfa Sàlàkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ti tẹ́ ẹní márùn-ún tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Àkókò kéú tó, ó sì kọjá. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ẹsẹ̀. Sàrátù ni, ọmọ-ọmọ Ìyá Fàtímọ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ, ó gbá wàláà rẹ̀ mọ́ra.

"Ta nìyẹn?" ni Alfa bi í.

"Èmi ni, Bàbá. Sàrátù."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"

Ọmọ náà wo àwọn ẹní, ó wò mí. "A pọ̀, Bàbá."

Alfa Sàlàkọ́ kọjú sí ọ̀dọ̀ mi. "Matiu, ṣé wọ́n pọ̀?"

Àánú bàbá ṣe mí. Ìbá wù mí kí n sọ pé mọ́kàndínlógún ni wọ́n.

"Òun nìkan ni, Bàbá," ni mo wí.

Wọ́n mi orí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí ọmọ náà kàn, wọ́n sì mú un jókòó sórí ẹní iwájú.

"Sàrátù," wọ́n ní, "ibo la bá a dé?"