Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Ò Fẹ́ Kí N Tẹ̀

Ẹrú. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, mo tún fi báírò pupa kan náà pa á rẹ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀. Kó kúkú wà bí Bàbá ṣe kọ ọ́. Àbí kí n... rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pa á rẹ́, etí ìwé náà sì ti pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀gá atẹ̀wé ti yọjú sí mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí aago méjìlá tó lù ni òun fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí sórí ẹ̀rọ, nítorí ọjọ́ Ìsinmi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní mo gbọ́. Èmi gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì yìí, tí mò ń ka ìwé oníwèé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àmì ohùn tó bá ṣubú, èmi ni mo ń gbé e dìde. Ìjọ kan wà tí mo yọ nínú ìtìjú: wọ́n fẹ́ kọ kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run, wọ́n gbàgbé àmì ohùn, wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀ abẹ́ lẹ́tà, ó di kòkòrò ìjọba ọ̀run. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń kọ̀wé máa ń bẹ̀rù mi. Bàbá nìkan ni kì í bẹ̀rù, nítorí òun ló kọ́ mi ní a, b, d, ó sì rántí ìgbà tí mò ń kọ b mi sódì.

Bàbá mi. Tíṣà ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó fi òwú dúdú so apá awò ojú rẹ̀ tí kò jẹ́ ká ra òmíràn. Ó ní awò yẹn ti mọ imú òun. Ìwé ẹ̀kọ́ kíláàsì àgbà ló kọ yìí, bóyá òun sì ni yóò kọ gbẹ̀yìn, a ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí lẹ́tà kékeré tí àpọ́sítélì kọ láti inú ẹ̀wọ̀n sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó rí já jẹ, nítorí ẹrú tó sá kúrò nílé ọ̀rẹ́ náà. Ó dá ẹrú náà padà, ó fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́, ó ní kí ọ̀gá rẹ̀ má gbà á bí ẹrú mọ́, kó gbà á bí arákùnrin. Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹrú wà nínú ẹ̀kọ́ náà, Bàbá kọ ọmọ-ọ̀dọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá.

“Má fi ẹrú sí i.” Bó ṣe wí nìyẹn nígbà tó ń gbé ìwé náà fún mi. Kò wo ojú mi. Bàbá mi, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ gbé awò ojú rẹ̀ sókè kó lè rí i dáadáa...

Nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa, ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ní kíláàsì Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fáànù ń ké lókè bí ẹni tí inú ń run. Ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ó ní kí ló dé tí Ìwé Mímọ́ fi sọ pé má jalè, má purọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ, tí kò sì sí níbì kankan tó ti là á mọ́lẹ̀ pé má ṣe fi ènìyàn ṣe ẹrú? Ó ní nínú òfin àtijọ́, tí ènìyàn bá lu ẹrú rẹ̀, tí ẹrú náà bá lo ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó kú, wọn ò ní fìyà jẹ olúwarẹ̀, nítorí owó rẹ̀ ni. Ó ní àwọn tó kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi, ìwé yìí kan náà ni wọ́n ń kà lọ́jọ́ Ìsinmi. Télọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé ìwé yìí kan náà ni àwọn tó tú ìdè wọn ń kà, pé òfin náà tún sọ níbòmíràn pé tí ẹrú bá sá wá bá ọ, o ò gbọ́dọ̀ dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá rọra bi í pé kí ló dé tí àpọ́sítélì fi dá a padà.

Télọ̀ ń họ orí.

Ìgbà yẹn ni Bàbá dìde. Ó ní ẹrú ayé ìgbà náà kì í ṣe bí a ṣe ń rò ó, pé bí ọmọ-ọ̀dọ̀ ló rí, ọmọ ilé, ẹni tí ẹ jọ ń gbé, tí ẹ jọ ń gbàdúrà. Ó nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó ń bá wa gbélé jókòó sí. “Ẹ bi Kọ́kọ́rọ́. Ṣé mo fìyà jẹ ẹ́ rí?”

Kọ́kọ́rọ́ dìde, ó rẹ́rìn-ín. “Rárá, Bàbá. Ẹ tọ́ mi dáadáa.” Ó jókòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, àríyànjiyàn parí. Àmọ́ Nọ́ọ̀sì ò pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.”

Kọ́kọ́rọ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n mú un wá sílé wa, èmi jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjìlá, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ti wà ní ìbàdí rẹ̀, ti yàrá márùn-ún, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ti àpótí ìwé Bàbá, ibi tó bá ti ń bọ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Yàrá márùn-ún ló ń tì, tó ń ṣí, ẹní rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Òun ló pọ̀n mí. Òun ló ń gbé báàgì mi dé ilé-ìwé láràárọ̀, á tún kọ́là mi ṣe, á ní kí n má bá tíṣà jiyàn. Ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló ti máa ń padà.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Màmá kú, àwọn méjèèjì ló di alábàárò ara wọn nínú ilé yẹn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìwé kíkà lórí tábìlì oúnjẹ, ẹ wá wo ìjà! Òun á ní ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá á ní bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn wọn ná. Lọ́jọ́ tó ka orí kan tán láìkọsẹ̀, Bàbá pè mí níbi iṣẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ó ti ń kàwé báyìí.

...Háà. Ìyẹn ni. Ìyẹn ni kò ṣe wo ojú mi. Bàbá ò gbèjà àpọ́sítélì kankan. Òǹkàwé kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ìwé, tí yóò jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bẹ̀rù pé ìka yẹn á dúró síbì kan.

Ó yẹ kó bẹ̀rù. Ọdún tí mo ń ṣe ìdánwò àṣejáde ni lẹ́tà dé pé ìyá Kọ́kọ́rọ́ kú. Bàbá fi lẹ́tà náà há inú Bíbélì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìdánwò mi tó tán, nítorí ta ni yóò jí mi, ta ni yóò fún mi ní oúnjẹ? Nígbà tó fi máa délé wọn, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ti Kọ́kọ́rọ́, ìyá ló kú, tí ọmọ ò gbọ́. Bàbá sunkún nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo yege nínú ìdánwò yẹn, mo yege gan-an.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń nu àwo. Mo bi í pé, “Ṣé òótọ́ lo sọ?” Kò dúró. “Òótọ́ ni. Ṣé ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa ò lè fẹ́ lọ sílé ni? Ẹ bá mi mú àwo yẹn.” Mo mú àwo yẹn fún un.

Nítorí náà mo fẹ́ kọ ẹrú. Kó rí bó ṣe rí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí, aṣọ ni, a fi bo ọ̀rọ̀ náà kó má baà tì wá lójú. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin... Bóyá bó ṣe ṣe àpọ́sítélì náà nìyẹn. Ó fẹ́ràn ọ̀gá, ó fẹ́ràn ẹrú, ó ń fi gègé rìn láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ mi nìyẹn láàárọ̀ yìí. Inú sì tún ń bí mi sí i, nítorí bí gègé ṣe ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ẹrú wà lójú ọ̀nà, ó ń padà lọ, kò mọ ohun tó ń dúró de òun.

Àti pé arákùnrin. Bàbá kọ arákùnrin. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ta ló ń pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ nílé? Nílé, tí o kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni ọ́. Ká ní ilé wa ni ọkùnrin yẹn padà sí, ohun tí a máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló dàgbà jù. Tó bá wá jẹ́ ẹrú ló dàgbà jù ńkọ́? Ọ̀gá á di àbúrò! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á jí, á wo ẹni tó rà lójú, á ní ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo rí i bó ṣe dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà, “ẹ”, kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́tà odidi, àdúrà, ìkíni, gbogbo rẹ̀ kò ṣòro tó lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, ẹ...

Ṣé òótọ́ lo sọ.

Lo.

Ẹ bá mi mú àwo yẹn.

Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì fi ọdún méjì péré jù mí lọ, ẹ ni mò ń pè é. Ọ̀gá atẹ̀wé, àbúrò mi pátápátá, ẹ ni, nítorí ibi iṣẹ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ wá. Kọ́kọ́rọ́, o ti jẹun? Kọ́kọ́rọ́, jọ̀ọ́, bá mi wá bàtà mi. Tìfẹ́tìfẹ́. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́ láti ọdún méjìléláàádọ́ta, òun sì ti ń pè mí ní ẹ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé gíga, etí mi tó ń gbọ́ àmì ohùn tó ṣubú ní yàrá kejì kò gbọ́ ọ. Mo sì jókòó síbí láti àárọ̀, mo fẹ́ fi báírò pupa sàmì sí Bàbá.

Mo kọ ọ́. Ẹrú. Ẹ̀ẹ̀kárùn-ún, mi ò pa á rẹ́. Èmi fúnra mi ni yóò lọ sọ fún Bàbá kó tó rí i, àṣìṣe tèmi sì ni mo máa kọ́kọ́ kà fún un.

Kọ́kọ́rọ́ ń dún lórí àtẹ̀gùn. Mo mọ ìró yẹn kí n tó mọ orúkọ ara mi. Fúláàsì tíì mi ló gbé bọ̀, mo tún gbàgbé rẹ̀. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ó wúwo, ó kéré.

“Ẹ ṣé,” mo ní. “Ẹ wọlé. Ẹ jókòó.”

Ó dúró. Ó yíjú padà, ó ń wo àtẹ̀gùn, ó ń wá ẹni tó tẹ̀ lé e wá.